Ọ̀já àyà tó wà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì òjò: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí òrùlé

Èmi ni mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kí ìyẹn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni mo ń rò. Ní aago 7:15, mo wo àwọn mẹ́rin tó fẹ́ gun òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fọwọ́ kan gbogbo ọ̀já háńẹ́ẹ̀sì tó wà lára wọn, ìyẹn ọ̀já ààbò tí wọ́n ń dè mọ́ ara kí okùn lè gba èèyàn tó bá já bọ́, mo sì fàmì sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan pé ó dára. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo kọ. Àmọ́ nígbà tó fi máa di aago 11:40, ọ̀kan nínú wọn já gba páànù wọlé, ọ̀já àyà rẹ̀ wà ní títú sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí pé jákẹ́ẹ̀tì òjò ló bò ó.

Iṣẹ́ tí a gbà ni pé ká pààrọ̀ àwọn páànù rọ́bà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ ilé ìkẹ́rùsí kan. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ òrùlé rí mọ irú páànù yìí, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Àárín páànù irin ni wọ́n máa ń tò ó sí, ìgbì ara rẹ̀ àti ti irin dọ́gba. Tó bá ṣì jẹ́ tuntun, ó máa ń mọ́ gaara. Bí oòrùn bá ti pa á fún ọdún mélòó kan, á gbẹ, á gan, eruku á bò ó, ewédò á hù lé e, kò sì ní yàtọ̀ sí irin mọ́ lójú ẹni tó dúró lórí rẹ̀. Kí òjò wá rọ̀ sí i, ó parí. A ti fi ọ̀dà pupa la ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn, a sì ti tẹ́ pátákó ìrìn. Àwọn ojú ìsokọ́ tí a fi bóòtù dè mọ́ irin òrùlé ga sílẹ̀ ní mítà 6.5. Okùn ìsokọ́ kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 2, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì wà ní apá ibi tó ti kọ́ òrùka ẹ̀yìn háńẹ́ẹ̀sì.

Ṣọ́ọ̀kì tí mò ń wí kì í ṣe ti ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àpò kékeré kan ni, wọ́n ṣẹ́ ọ̀já pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì rán an pa. Bí èèyàn bá já bọ́, òwú tí wọ́n fi rán an á máa já tẹ̀lé ara wọn, ọ̀já á máa nà, agbára ìjábọ́ á sì rọ̀ kó tó dé ara. Ìlànà EN 355 ti Yúróòpù sọ pé agbára tó bá dé ara ò gbọdọ̀ ju 6 kN lọ (kìlónútìnì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí agbára ṣe pọ̀ tó), àti pé ṣọ́ọ̀kì náà ò gbọdọ̀ nà ju mítà 1.75 lọ. Ẹ fi nọ́ńbà kejì yẹn sọ́kàn, a ṣì máa nílò rẹ̀.

Òtútù mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn, àbúrò ni mo máa ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà ni mo sì máa lò níbí. Àbúrò wọ súwẹ́tà tó nípọn, ó wá wọ háńẹ́ẹ̀sì lé e. Mo ti àtẹ́lẹwọ́ mi bọ abẹ́ ọ̀já itan rẹ̀: ọwọ́ pẹlẹbẹ wọlé, mo di í ní ẹ̀ṣẹ́, kò wọlé mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀já àyà wà láàárín àyà, kò sún mọ́ ọrùn, òrùka ẹ̀yìn sì wà láàárín eegun èjìká méjèèjì.

Ní nǹkan bí aago 10, oòrùn yọ, ara sì ń gbóná. Àbúrò sọ̀ kalẹ̀ wá sílẹ̀, ó tú ọ̀já àyà, ó yọ ọ̀já èjìká sílẹ̀ dé ìbàdí, ó bọ́ súwẹ́tà, ó dá ọ̀já èjìká padà, ó tún gòkè lọ. Kò fọwọ́ kan ọ̀já itan rárá, kò sì dá ọ̀já àyà padà. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé mo ti dè é." Mo gbà á gbọ́. Ọ̀já àyà kì í wúwo, kì í fún èèyàn lára tó bá ti wà ní dídè, torí náà bí kò bá sí níbẹ̀, ara kì í sọ fúnni. Súwẹ́tà tó bọ́ náà tún mú nǹkan mìíràn lọ: ààyè tí irun àgùntàn gbà lábẹ́ ọ̀já ti ṣófo, gbogbo háńẹ́ẹ̀sì náà sì dẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń fa ọ̀já sí i tó bá wọ aṣọ kún aṣọ. Mi ò tíì rí ọ̀pọ̀ tó ń fà á tó bá bọ́ ọ̀kan kúrò.

Ní aago 11:20, ojú ọjọ́ ṣú. Àwọn jákẹ́ẹ̀tì òjò tuntun tí a pín lọ́sẹ̀ tó ṣáájú wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà. Wọ́n wọ̀ ọ́ lé háńẹ́ẹ̀sì, wọ́n fa síìpù dé àgbọ̀n, wọ́n fi ìborí rẹ̀ borí. Jákẹ́ẹ̀tì náà ò ní ojú ihò kankan lẹ́yìn. Kí okùn ìsokọ́ lè jáde, wọ́n fà á gba abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó yọ ní etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìdí, bí ìrù. Mo rí wọn. Mo dúró lẹ́sẹ̀ àkàbà, mo rí ìrù mẹ́ta tó ń gòkè lọ, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé ó dára bẹ́ẹ̀, òjò ò ní pa háńẹ́ẹ̀sì.

Ìrù mẹ́ta ni mo sọ, torí pé ẹni kẹrin ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ látàná, ó fa òrùka yọ níbẹ̀. Mo ti bá a wí pé ó ba ẹrù jẹ́. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan á béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí òjò ń bọ̀. Páànù tuntun mẹ́ta ló wà lókè tí a ò tíì kàn mọ́lẹ̀. Bí atẹ́gùn bá gbé ọ̀kan, a ò mọ orí ẹni tó máa bà lé. Wọ́n lọ so wọ́n mọ́lẹ̀ ni. Òjò wínníwínní ló sì ń ṣe nígbà yẹn.

Inú ilé náà ni mo wà nísàlẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ariwo bí ìgbà tí àwo bá fọ́ ni mo gbọ́, ìmọ́lẹ̀ ya wọlé lójijì, ẹsẹ̀ méjì sì ti ń bọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Okùn gbà á. Ó fì, ó dúró. Mo gbójú sókè, ohun tí mo rí ni ẹsẹ̀, ìbàdí, ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ dé ibi eegun èjìká, lẹ́yìn náà aṣọ òféefèé tó ká jọ pelemọ, ọwọ́ méjì sì nà sókè láti inú rẹ̀. Orí ò sí. Orí wà nínú jákẹ́ẹ̀tì. Ìró tó ń ti inú rẹ̀ jáde dà bíi ti ẹni tí wọ́n di lọ́rùn mú.

Ohun tó fà á rọrùn láti lóye tí èèyàn bá fi ojú inú wo ọ̀nà tí okùn gbà. Bí èèyàn bá dúró, okùn tó ti òrùka ẹ̀yìn bọ̀ ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó yọ ní ìdí. Bí èèyàn bá já bọ́, òkè ni okùn náà fẹ́ gbà, ó sì fẹ́ gbà á tààrà láti òrùka. Etí ìsàlẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì wà láàárín ọ̀nà. Okùn á kọ́ etí náà, á wọ́ ọ sókè, kò sì ní dúró àfi tí etí náà bá ga kọjá òrùka, ìyẹn ni pé àárín eegun èjìká. Níwọ̀n bí síìpù ti wà ní pípa dé àgbọ̀n, ọ̀fun ló kù tó máa di aṣọ náà mú. Ọwọ́ náà á tẹ̀lé e lọ sókè, kò sì ní lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó wà nídìí òrùka wá ń ya nínú aṣọ tó ti ká jọ lé e. Tirẹ̀ yà, a dúpẹ́. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ó ti nà tó nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà. Bí òjò bá ti rin aṣọ náà, tó wúwo, tó sì takókó, mi ò mọ̀ bóyá á ráàyè yà tó bẹ́ẹ̀.

Sìkáfóólù onítáyà tí a ń lò nínú ilé wà ní ìpẹ̀kun kejì. Táyà rẹ̀ kan wà ní títì pa, a ta á nípàá kó tó ṣí. Bí a ṣe ń tì í bọ̀ ni mo ń kígbe sí àbúrò pé kó máa mi ẹsẹ̀, torí ẹni tó bá so rọ̀ láìmira, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í pẹ́ tí ojú fi ń ṣú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ń mi ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé abẹ́ rẹ̀, ẹni tó wà pẹ̀lú mi yọ ọ̀bẹ kó lè gé jákẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo gbá a lọ́wọ́. Ọ̀já tí ara èèyàn fà le bẹ́ẹ̀, kí ojú ọ̀bẹ tó mú fara kàn án lásán, ó lè gé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ gbé lé pátákó, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ kúrò lórí okùn, mo wá na ọwọ́ wọ inú aṣọ náà, mo wá orí síìpù lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo fà á wá sílẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí ọ̀já àyà. Ọ̀kan ń fì lápá ọ̀tún, ọ̀kan ń fì lápá òsì. Ọ̀já èjìká òsì ti yọ̀ kúrò lórí èjìká, ó ti dé apá. Ọ̀já itan méjèèjì nìkan ló gbé e, àti pé ẹsẹ̀ ló fi ṣíwájú nígbà tó ń já bọ̀. Ká ní orí ló ṣíwájú ni, ìdí tí èjìká méjèèjì ò fi ní yọ kúrò nínú ọ̀já ò yé mi.

Ìṣẹ́jú 8 ló lò lórí okùn. Awọ ọrùn rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ kú sí itan rẹ̀ méjèèjì níbi tí ọ̀já tó dẹ̀ ti já lù ú, ọsibítù dá a dúró di ọjọ́ kejì, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Háńẹ́ẹ̀sì àti okùn náà, mo fi ọ̀bẹ gé wọn sí wẹ́wẹ́ lójú gbogbo wọn kí n tó jù wọ́n nù. Èyí tó bá ti gba èèyàn lẹ́ẹ̀kan kì í tún padà sí iṣẹ́, ẹni tó bá sì bá a ní odidi nínú ìdọ̀tí lè rò pé òun rí ẹrù he.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì, mo ka lébẹ̀lì rẹ̀. Ó ní EN 343, ìyẹn ni pé wọ́n ti dán an wò fún òjò. Ó ní EN ISO 20471, ìyẹn ni pé àwọ̀ rẹ̀ àti téèpù rẹ̀ tó ń tàn yẹ fún kí wọ́n lè tètè rí èèyàn. Òótọ́ ni méjèèjì. Háńẹ́ẹ̀sì náà ní EN 361, ìyẹn ìlànà háńẹ́ẹ̀sì tó gba gbogbo ara, òótọ́ nìyẹn náà. Ẹni tó ra jákẹ́ẹ̀tì ṣe ohun tí mo ní kó ṣe, ẹni tó tà á ò sì rẹ́ wa jẹ. Kò sí lébẹ̀lì kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ọ̀kan bá wọ orí èkejì. Òfin Yúróòpù 89/656/EEC ti ọdún 1989 ti sọ ọ́ tipẹ́: bí òṣìṣẹ́ bá ní láti wọ ohun ààbò ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu, kí ìkọ̀ọ̀kan sì ṣì lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo ti kà á rí. Ìbọ̀wọ́ àti àṣíborí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá ń kà á.

Aṣọ ní í bo àṣírí, a sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àṣírí tó yẹ kó tú ló bò.

Ọ̀rọ̀ wá di pé kí la máa ṣe, torí òjò ò ní torí tiwa dáwọ́ dúró. Ẹnì kan nínú wọn ní ká kúkú wọ háńẹ́ẹ̀sì sórí jákẹ́ẹ̀tì. Ó ní làákàyè nínú. Gbogbo ọ̀já á hàn, òrùka iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ á wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun òpó irin gíga fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí òrùka àyà ni wọ́n fi ń gun òpó, òrùka ìbàdí ni wọ́n sì fi ń fara ti í. Àmọ́ ọ̀já á bo téèpù tó ń tàn, òjò á rin ọ̀já gbingbin, bí jákẹ́ẹ̀tì náà bá sì jẹ́ èyí tó nípọn, tó ní òwú nínú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fún jáde lọ́jọ́ tí èèyàn bá já bọ́, ọ̀já tó le tẹ́lẹ̀ á sì di èyí tó dẹ̀. Àwọn àpò ìgbàyà ńkọ́? Fóònù tàbí bóòtù irin tó wà lábẹ́ ọ̀já àyà lọ́jọ́ ìjábọ́, eegun ìhà ló máa gbà á.

Ẹlòmíràn mú okùn ìfàgùn kan wá, èyí tí wọ́n ń kọ́ mọ́ òrùka ẹ̀yìn kó lè yọ síta lókè ọrùn jákẹ́ẹ̀tì. Ó gùn ní nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà. Ohun tó dára ni fún ibi tó bá ga. Mo mú kálámù, mo ṣírò rẹ̀ lójú wọn. Okùn mítà 2, ṣọ́ọ̀kì tó bá yà tán mítà 1.75, láti òrùka ẹ̀yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀ mítà 1.5, àlàfo mítà 1 tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.25. Ojú ìsokọ́ wa wà ní 6.5, ó ku 25 sẹ̀ǹtímítà péré. Ẹ fi 45 kún un, ó di 6.7. A ti jẹ nínú àlàfo abẹ́ ẹsẹ̀ nìyẹn. Mo dá okùn ìfàgùn padà fún un.

Ó wá ku ẹni tó fi ọ̀bẹ la jákẹ́ẹ̀tì. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀, mo sì san án níwájú àwọn yòókù: nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ni okùn rẹ̀ gba ọ̀nà tó tọ́. Ohun tó rí lójú rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ò rí i. Àmọ́ ihò rẹ̀ ti gé téèpù tó ń tàn sí méjì, òjò ti gba ibẹ̀ rin ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdí, etí ibi tó là sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya sísàlẹ̀.

Irú jákẹ́ẹ̀tì tí òun ń fi ọ̀bẹ wá, àwọn tó ń rán an wà. Wọ́n ń ṣí ojú ihò sí àárín ẹ̀yìn, wọ́n fi aṣọ lílẹ̀ lé etí rẹ̀ kó má baà ya, wọ́n sì rán ìdérí tó ń lẹ̀ mọ́ra sókè rẹ̀ kí òjò lè máa ṣàn kọjá. A rà á. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé e gòkè, a so okùn mọ́ irin kan nínú ọgbà, a gbé oníkálukú kọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò nílẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ẹni tó ga jù nínú wọn, ojú ihò tirẹ̀ bọ́ sí òkè òrùka, okùn sì tún fa ọrùn aṣọ mọ́ ọn lọ́fun. A pààrọ̀ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí nọ́ńbà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó bọ́ sójú ẹ̀. Bí a bá fi ojú lásán wò ó nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Fọ́ọ̀mù náà yí padà. Àmì àárọ̀ ò tó mọ́. Ìgbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá wọ aṣọ kún aṣọ tàbí tó bọ́ ọ̀kan, wọ́n á tún un yẹ̀ wò kó tó gorí àkàbà, ẹlòmíràn ló sì máa ṣe é, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Síìpù á wà ní ṣíṣí títí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á fi fojú rí ọ̀já àyà, tó sì fi ọwọ́ fà á. Lẹ́yìn náà ló máa ti ọwọ́ bọ ojú ihò ẹ̀yìn kó lè mọ ibi tí òrùka wà. Wọ́n kùn sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ń jẹ àkókò, ó sì ń jẹ́ kí òjò wọ àyà.

Lọ́jọ́ tí àbúrò padà dé, òjò tún ń ṣe wínníwínní. Ó dúró níwájú mi lẹ́sẹ̀ àkàbà, ó ṣí síìpù láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó." Mo fa ọ̀já àyà, ó le. Mo lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo gbé ìdérí, mo ti ọwọ́ wọlé. Òrùka náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti dojú bolẹ̀, etí jákẹ́ẹ̀tì sì há sábẹ́ rẹ̀. Mo yọ aṣọ náà kúrò, mo gbé òrùka nàró, mo kọ́ okùn sí i, mo lẹ ìdérí pa. Mo gbá a lẹ́yìn, ó sì gòkè.